Ipò ọ̀rọ̀ àpèjúwe nínú èdè Sípáníìṣì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ni ní gírámà èdè Sípáníìṣì ló mú mi kọ̀wé yìí. Ìwé tí èmi fi kọ́ èdè náà to àwọn ọ̀rọ̀ àpèjúwe tí wọ́n máa ń gé lẹ́yìn sílẹ̀ fún wa láti há sórí: «bueno» (dára) di «buen», «malo» (burú) di «mal», «primero» (àkọ́kọ́) di «primer». Ó wá fi ọ̀rọ̀ nípa ipò, ìyẹn bóyá ọ̀rọ̀ àpèjúwe yóò ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ tàbí yóò tẹ̀lé e, sí orí mìíràn tó jìnnà réré, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí wọ́n bá ṣáájú ọ̀rọ̀ orúkọ nìkan ni à ń gé wọn.

Ẹ wo «grande». «Un hombre grande» ni ọkùnrin tó sígbọnlẹ̀; ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá bọ́ síwájú, yóò di «gran», «un gran hombre» yóò sì jẹ́ ọkùnrin tó níyì, ì báà tilẹ̀ jẹ́ ẹni kúkúrú. Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí wa, nítorí «àgbà akéwì» àti «akéwì àgbà» kì í dún bákan náà létí Yorùbá. «Gran» wà fún ọ̀rọ̀ orúkọ akọ àti abo, «una gran mujer» (obìnrin tó níyì) náà ni wọ́n ń sọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ orúkọ akọ ẹlẹ́yọ nìkan ni «buen» wà fún. Ìdí nìyí tí wọn kò fi gé ohunkóhun lára orúkọ Buenos Aires, olú ìlú Ajẹntínà: ọ̀pọ̀ ni «aires».

Wọn kì í gé «pobre» rárá, síbẹ̀ òun ló kọ́ mi lọ́gbọ́n jù. Mo kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ojúlùmọ̀ mi kan tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin kú, mo sì pe olóògbé náà ní «tu hermano pobre». Àánú ni mo ní lọ́kàn, àmọ́ ohun tí ó kà ni pé tálákà ni àbúrò òun. «Tu pobre hermano» ló yẹ kí n kọ. Ó dùn mí gan-an pé inú ọ̀fọ̀ ni mo ti ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Mo bẹ àwọn tó ń kọ ìwé fún akẹ́kọ̀ọ́ pé kí wọ́n fi gígé àti ipò sí orí kan náà, kí wọ́n sì fi «gran» àti «grande» ṣe àpẹẹrẹ àkọ́kọ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ èdè Sípáníìṣì