Ẹ̀rọ ni kí wọ́n máa rán lọ sí Júpítà

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Àwọn tó ní owó tí Amẹ́ríkà ná sórí Juno, ọkọ̀ gbalasa òfuurufú tí wọ́n rán lọ ṣèwádìí Júpítà, ti wọmi, mi ò bá wọn sọ ọ́. Ọdún 2011 ló gbéra, ó dé Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ nínú àwọn tó ń yí oòrùn wa ká, ní 2016, kò sí ẹ̀dá alààyè kankan nínú rẹ̀. Ta ni ara rẹ̀ fẹ́ gba ìtànṣán olóró ibẹ̀? Inú àpótí titanium, irin líle kan, ni wọ́n kó kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí kó má baà tètè bàjẹ́. Sólà ló sì ń lò, níbi tí ìmọ́lẹ̀ oòrùn ò ti ju ìdá kan nínú 25 tiwa lọ. Òun ló rí ìjì ńlá 8 tó yí ọ̀kan ká ní ìpẹ̀kun àríwá Júpítà. Ọkọ̀ mìíràn, Europa Clipper, tó ń lọ wo Europa, ọ̀kan lára àwọn òṣùpá Júpítà, ti wà lọ́nà láti 2024. Kí wọ́n má ṣe gé owó rẹ̀.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn