Ohun kékeré tó ń fa ọwọ́

Yábàá,
Èkó.

Adéwálé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù ọ̀hún ò pọ̀ jù? Mo kí ìyàwó àtàwọn ọmọ o.

O bi mí bí nǹkan tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí a kò so mọ́ ibì kankan, ṣe ń fa ọwọ́ èèyàn sápá kan. Kò fà á rárá. Fi òwú so ó kọ́, tàn án, kò ní yà sọ́tùn-ún, kò ní yà sósì. Awọ ìka rẹ ló ń purọ́ fún ọ.

Ṣé o rántí dáńfó? Bí dẹ́rẹ́bà bá tẹ bíréèkì lójijì ní Òjúẹ̀lẹ́gba, gbogbo yín á ta síwájú. Bó bá rọra dúró, ẹni tó ń sùn ò ní mọ̀. Òòfà inú ẹ̀rọ yìí ń ṣe méjèèjì nígbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan: ó ta gìrì sápá kan, ó rọra padà. Ìka mọ títa yẹn lára, kò ka pípadà sí. Jun Rekimoto ní Japan ṣe irú rẹ̀ kan lọ́dún 2013, ó pè é ní Traxion.

Bí o bá fẹ́ ṣe tìrẹ, gé sírínjì 5 ml kó ku 20 mm. Ki òòfà neodymium, irú èyí tó lágbára gan-an, tó fẹ̀ ní 10 mm, tó gùn ní 20 mm, bọ inú rẹ̀. Na rọ́bà ìbọ̀wọ́ dókítà bo ẹnu méjèèjì, kí o fi gúlúù lẹ orí òòfà mọ́ ọn. Kò gbọdọ̀ fara kan ògiri sírínjì.

Wáyà 0.2 mm táwọn tó ń wé fáànù ń lò ni kí o wé yí sírínjì náà ká, ìyípo 120 ní orí kìíní, 120 ní orí kejì, ṣùgbọ́n kí o wé ìkejì sódì ìkíní. Bí o bá wé méjèèjì síbì kan náà, wọn á máa ti òòfà lódìlódì, ẹ̀rọ á dákẹ́ bí òkú. So wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Mítà tó ń wọn iná yẹ kó ka bíi 6 Ω (óòmù).

Áńpù PAM8403 oní 5 V, ẹ̀rọ kékeré tó ń fún ohùn fóònù lágbára, tó láti ti wáyà náà. Wo kapásítọ̀ ẹnu rẹ̀ dáadáa: 0.47 µF pẹ̀lú 10 kΩ á bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn láti bíi 34 Hz (ìgbà 34 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan) lọ sísàlẹ̀, ìrísí ìgbì tí o fẹ́ á sì wọ́. Fi 10 µF rọ́pò rẹ̀.

Fáìlì ohùn WAV oní ìṣísẹ̀ 48,000 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ni kí o ṣe, kì í ṣe 44,100, torí 40 Hz ò pín in dọ́gba, á máa ta pó nígbà tó bá ń yí po. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ìgbà 40 yẹn, fi ìṣísẹ̀ 336 sí +100, 864 sí −39, ìyẹn 7 ms àti 18 ms. Àròpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ súnmọ́ òdo. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òòfà á fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Pa ìkwàlàísà, ohun tó ń yí adùn ohùn padà, lórí fóònù tó ń kọ fáìlì náà.

Àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá ni kí o fi mú un, wẹ́rẹ́, bí ẹni mú ẹ̀pà. Ẹni tó bá dì í mú gírígírí ò ní mọ nǹkan kan. Tàn án fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí o sinmi, torí ìka tètè máa ń kú. Bó bá ń fà sódì, pààrọ̀ orí wáyà méjèèjì.

Fi iye tí mítà bá kà ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni tìrẹ,
Túnjí