Má fún un ní ajílẹ̀ jù o, ọ̀rẹ́ mi

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara le? Mo rí lẹ́tà ẹ gbà, inú mi sì dùn gan-an nígbà tí mo kà á débi tó o ti ní o fẹ́ gbin nǹkan tó máa tètè bo irin bákónì ẹ yẹn, tó sì máa yọ òdòdó. Má wulẹ̀ wá nǹkan míì lọ jàre, morning glory ni kó o gbìn. Ọdún kẹta tí mò ń gbìn ín rèé, mi ò tíì rí òdòdó míì tó ń yára fà bẹ́ẹ̀ yẹn, láàárín oṣù mélòó kan ó ti ga tó mítà 3, tèmi tiẹ̀ débi tí wáyà parí sí, ó tún ń nawọ́ wá ohun tó máa dì mú lókè.

Kóró ẹ̀ ló kọ́kọ́ gba sùúrù, èèpo ẹ̀ le, tó o bá kàn jù ú sínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ó lè pẹ́ kó tó hù. Mú fáìlì tí wọ́n fi ń ha èékánná, fi ha ẹ̀gbẹ́ kan lára ẹ̀ díẹ̀, kó ṣáà ti bó lójú kan, kó o wá rẹ ẹ́ sómi mọ́jú. Èyí tó bá wú ti ṣe tán nìyẹn. Kì í fẹ́ kéèyàn yọ gbòǹgbò ẹ̀ lẹ́nu, torí náà ibi tó máa gbé ni kó o gbìn ín sí tààrà, kí ihò ẹ̀ má jìn ju sẹ̀ǹtímítà kan lọ, tó bá sì jẹ́ inú ìkòkò, rí i pé ìdí ìkòkò náà lu kómi lè máa jáde. Òtútù ò bá a lára mu rárá, dúró kí ilẹ̀ móoru ná. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wàá rí i tó máa yọrí. Ewé méjì tó kọ́kọ́ máa yọ máa là sí méjì lókè, má rò pé nǹkan ṣe é o, bó ṣe ń rí nìyẹn, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa jọ ewé ọ̀dùnkún, torí ẹbí kan náà ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an wá rèé: má fún un ní ajílẹ̀ jù. Lọ́dún àkọ́kọ́, mo fẹ́ràn ẹ̀ débi pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń bu ajílẹ̀ sí i, ewé wá tóbi, ó dú mirinmirin, ó bo gbogbo wáyà, òdòdó kan ṣoṣo ò yọ! Oṣù mẹ́ta gbáko. Ó dùn mí gan-an, ẹnì kan tiẹ̀ ní kí n hú u dànù. Àṣé náítírójìn inú ajílẹ̀ yẹn ni, ewé ló máa ń bọ́, nígbà tí ewé bá sì ń rí jẹ kò ní rántí òdòdó. Mo dá ajílẹ̀ dúró pátápátá, mo dín omi kù, mo máa ń jẹ́ kí ojú ilẹ̀ gbẹ kí n tó tún bomi rin ín, kò pẹ́ púpọ̀ sígbà yẹn, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan mo rí mẹ́rin. Ọ̀rẹ́ mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Oòrùn ló fẹ́, ó kéré tán wákàtí 6 lójúmọ́. Fún un ní okùn tín-ínrín tó máa gùn, torí kò lè lọ́ mọ́ nǹkan tó bá nípọn jù. Tó o bá sì fẹ́ ràn án lọ́wọ́, tó o bá ń wò ó látòkè, òdìkejì ọwọ́ aago ló máa ń gbà yí, mo ti fọwọ́ ara mi yí i gba ọ̀nà kejì rí, ńṣe ló tú ara ẹ̀ sílẹ̀.

Aláwọ̀ búlúù ni kó o gbìn o, èyí tí wọ́n ń pè ní Heavenly Blue. Tí kò bá tíì là, ó máa ń pọ́n, á fara jọ àwọ̀ pọ́pù, tílẹ̀ bá wá ń mọ́, tó ń là, á di búlúù bí ojú ọ̀run, ásíìdì inú òdòdó yẹn ló ń dín kù tí àwọ̀ fi ń yí. Tó bá di ọ̀sán ó ti ń ká kò nìyẹn, àmọ́ lọ́jọ́ tí kùrukùru bá bo ojú ọ̀run ó máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Òdòdó kan ò ní ju ọjọ́ kan lọ, ṣùgbọ́n òmíì máa là lọ́la, torí náà tètè máa jí.

Kóró ẹ̀ lóró o, má jẹ́ kọ́mọdé tàbí ajá fẹnu kàn án. Tí kòkòrò kéékèèké bá sì bo ewé, omi ọṣẹ díẹ̀ ti tó. Tó o bá fi àwọn kóró tó gbẹ sílẹ̀ kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, wọ́n á hù káàkiri lọ́dún tó ń bọ̀, torí náà já wọn kí ilé kóró tó fọ́, kó o sì kọ́kọ́ bèèrè bóyá wọ́n gbà kéèyàn gbìn ín níbi tó o wà.

Tèmi yọ mọ́kànlá láàárọ̀ yìí. Ya fọ́tò àkọ́kọ́ tìẹ fún mi, kódà tó bá jẹ́ ewé méjì yẹn ṣì ni.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ ẹ tòótọ́