Èsì tó kọ́kọ́ jáde lórí Google kì í ṣe ẹ̀rí

Sí Olóòtú,

"Mo ti wò ó lórí Google" ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń pa àwọn ẹlòmíì lẹ́nu mọ́ lóde òní. Google kì í dájọ́. Ó ń to ojú ewé ni: èyí tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ohun tí ẹ tẹ̀ mu, tí àwọn ojú ewé mìíràn sì ń tọ́ka sí, ló sábà máa ń gbé sókè. Èyí tí "Sponsored" bá wà lórí rẹ̀, owó ló gbé e débẹ̀.

Bí ẹ bá ṣe béèrè ló ṣe máa dá yín lóhùn. Ẹni tó tẹ "ewúro wo àtọ̀gbẹ sàn" ti bẹ àwọn tó ń ta àgbo lọ́wẹ̀ ná. Kó tẹ "ewúro, àtọ̀gbẹ, ìwádìí" wò.

Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ló léwu jù. Lóṣù Kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí Ebola wọ Èkó, àtẹ̀jíṣẹ́ gba ìlú kan pé ká mu omi iyọ̀, ká sì fi wẹ̀. Ẹ̀mí bá a lọ. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, àwọn dókítà ò tíì ráyè kọ nǹkan kan. Àhesọ nìkan ló wà nílẹ̀, òun náà ni ẹ̀rọ yóò sì kó wá. Lédè Yorùbá, àlàfo yìí tún fẹ̀ sí i.

Ẹ má fi ẹwà ojú ewé mọ òtítọ́ rẹ̀. Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ tẹ orúkọ àwọn tó kọ ọ́, kẹ́ ẹ ka ohun tí ẹlòmíì sọ nípa wọn. Ẹ wò ó bóyá Dubawa tàbí Africa Check, àwọn àjọ tó ń wádìí bóyá òótọ́ ni ìròyìn, ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lórí WhatsApp, ọfà méjì tó wà lókè àtẹ̀jíṣẹ́ túmọ̀ sí pé ó kéré tán, ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ ẹni márùn-ún kọjá. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe kọ́pì rẹ̀, tó lẹ̀ ẹ́ síbòmíràn, ti pa àmì náà rẹ́, torí náà àìsí ọfà kò fi nǹkan kan hàn.

Ẹ̀yin oníwèé ìròyìn náà lọ́wọ́ sí i. Àkọlé "Ṣé lóòótọ́ ni…?" tí ìdáhùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, àhesọ ló ń bá polówó. Ẹ kọ ìdáhùn sínú àkọlé, kẹ́ ẹ fi ọjọ́ sábẹ́ rẹ̀. Bí àṣìṣe bá wáyé, ẹ má ṣe rọra yọ ìròyìn náà kúrò. Ẹ kọ àtúnṣe sókè rẹ̀ lójú ewé kan náà, kí ìlíǹkì táwọn èèyàn ti ń pín kiri lè gbé àtúnṣe náà dé ọ̀dọ̀ wọn.

Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé kan,
Ìbàdàn