Sísì Ọbabìnrin Elizabeth

London,
Ọjọ́ 14, Oṣù Kẹwàá.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó àti àwọn ọmọ. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìbéèrè tí o bi mí kò sì kúrò lọ́kàn mi: bí ènìyàn bá fẹ́ máa kó owó fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà àwọn ọba ìdílé Tudor (1485 sí 1603) jọ, èwo ni kó kọ́kọ́ rà? Láìfọ̀rọ̀ falẹ̀, sísì, ìyẹn owó kọ́bọ̀ (peni) mẹ́fà, ti Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní ni.

Ìwọ náà rántí sísì àti tọ́rọ́ (kọ́bọ̀ mẹ́ta) tí ìyá àgbà máa ń jù sínú kóló kí náírà tó dé ní 1973. Ọdún 1551, lórí oyè Edward Kẹfà, ni wọ́n kọ́kọ́ rọ owó méjèèjì yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ tí mo mọ èyí ni owó àtijọ́ di ohun tí mo ń fi gbogbo ọkàn wá kiri.

Kí o tó ra ẹyọ kan, ó yẹ kí o mọ ohun tí bàbá Elizabeth fi owó ṣe. Láti 1544 ni Henry Kẹjọ, ẹni tí ogun Faransé àti ti Scotland ti gbọ́n àpò rẹ̀ gbẹ, ti ń da bàbà pọ̀ mọ́ fàdákà, títí fàdákà inú owó fi di ìdá kan péré nínú mẹ́ta, bẹ́ẹ̀ ìdá 92.5 nínú 100 ni ó yẹ kó jẹ́. Ojú ọba kọjú sí ènìyàn tààrà lára sílè rẹ̀, ìyẹn owó kọ́bọ̀ méjìlá, nítorí náà imú ni ó kọ́kọ́ ń họ, tí bàbà pupa á sì yọ síta. Ni àwọn ará ìlú bá sọ ọba ní Onímú-bàbà. Mo ní ọ̀kan. Kò dára lójú rárá, ṣùgbọ́n n kò lè tà á, nítorí irọ́ tí ọba pa hàn gbangba lára rẹ̀.

Láàárín 1560 sí 1561 ni Elizabeth kó owó burúkú náà kúrò nílẹ̀, tó yọ́ ọ, tó sì dá fàdákà gidi padà. Kó tó yọ́ wọn tán, wọ́n lu òǹtẹ̀ ajá ọdẹ mọ́ àwọn sílè Edward tó burú jù lára, kí gbogbo ènìyàn lè mọ̀ pé kọ́bọ̀ méjì àti ìdámẹ́rin ni iye wọn. Àwọn wọ̀nyí ṣọ̀wọ́n gan-an lónìí.

Ìdí tí mo fi ní kí o bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sísì ni pé láti 1561 títí dé 1602 ni wọ́n ń kọ ọdún sí i lára, òdòdó róòsì sì wà lẹ́yìn orí ọbabìnrin, èyí tí kò sí lára owó kọ́bọ̀ mẹ́rin. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú tèmi jẹ́ ti 1573, ó sì ní àmì èso igi óákù, èyí tí ilé ìrọwó fi ń sàmì sí owó tí wọ́n rọ nígbà náà. Òòlù ni wọ́n fi lù ú láàárín òǹtẹ̀ irin méjì, nítorí náà kò rí roboto, má sì jẹ́ kí ìyẹn bà ọ́ lẹ́rù. Ará Faransé kan, Eloye Mestrelle, fi ẹ̀rọ rọ àwọn tó rí roboto fún bí ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó yá, wọ́n so ó kọ́ ní 1578 nítorí ayédèrú owó.

Ọ̀rọ̀ ayédèrú ló mú mi rántí ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀. Mo ra sílè Ọbabìnrin Mary, ẹ̀gbọ́n Elizabeth, àti Philip ọkọ rẹ̀, èyí tí ojú tọkọtaya kọ sí ara wọn, lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan níbi ìpàtẹ, láìwọ̀n ọ́n. Nígbà tí mo délé, mo rí ojú ìsopọ̀ tó yí etí rẹ̀ ká: wọ́n rọ ọ́ sínú mọ́ọ̀dù ni, wọn kò fi òòlù lù ú. Ó dùn mí fún ọjọ́ pípẹ́. Nítorí náà, wo etí owó kí o tó wo ojú rẹ̀, kí o sì wọ̀n ọ́n. Sísì tó péye kì í jìnnà sí gíráàmù 3, àyàfi bí wọ́n bá ti gé etí rẹ̀ jẹ. Má sì fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí eérú fọ̀ ọ́ láéláé.

Mo fi àwòrán ti 1573 náà sínú lẹ́tà yìí. Bí kóló ìyá àgbà bá ṣì wà nílé yín, jọ̀wọ́ wò ó bóyá sísì kan ṣẹ́ kù síbẹ̀, kí o sì kọ ọdún tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Adéwálé