Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì: Owó Ìtọ́jú Ẹ̀rọ Amúlétutù

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú ìnáwó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí a parí sáà kejì láyọ̀.

Èsì ìdánwò yóò tẹ̀ yín lọ́wọ́ lọ́jọ́ Ẹtì. Ilé Aláwọ̀ Ewé ló gba ife ẹ̀yẹ eré ìdárayá. Àwọn ọmọ SS3 yóò máa wá kàwé lásìkò ìsinmi nítorí WAEC.

Yàrá kọ̀ǹpútà wa ń mú inú mi dùn gidigidi. Ọdún mẹ́ta la fi kó owó rẹ̀ jọ. Kọ̀ǹpútà 30 ló wà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn ọmọ wa ti ń fi ọwọ́ ara wọn dánra wò fún JAMB. Òun gan-an ló fa ọ̀rọ̀ tó kàn yìí.

Mo ti ka ohun tí ẹ kọ sórí WhatsApp nípa ₦5,000 tí a fi kún owó sáà kẹta fún ìtọ́jú ẹ̀rọ amúlétutù yàrá náà. Òbí kan béèrè pé kí ló dé tí a ó fi máa náwó lórí ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́. Ìbéèrè náà tọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Nínú oṣù Kejì, omi ń dà láti ara ẹ̀rọ amúlétutù yàrá yẹn sórí kọ̀ǹpútà méjì nígbà tí àwọn ọmọ ń ṣe ìdánwò. Olùkọ́ wọn sáré pa iná. Kò sí ọmọ tó fara pa, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà méjèèjì kú. Nígbà tí oníṣẹ́ ṣí ẹ̀rọ náà, eruku ọyẹ́ ti dí asẹ́ rẹ̀ pa. Atẹ́gùn kò rí ọ̀nà gbà, páìpù inú rẹ̀ bá di yìnyín. Nígbà tí yìnyín náà yọ́, ihò tó yẹ kí omi gbà jáde ti dí pẹ̀lú.

Ẹni tó ń bójú tó o tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wá, gáàsì ló sì máa ń rọ sí i. Gáàsì yìí kì í jó tán bí epo mọ́tò. Bó bá dín, ó ń jò níbìkan. Ẹni tó ń rọ ọ́ láìwá ibi tó ń jò ń bu omi sínú ajere ni. Èmi ni mo gbà á láàyè, n kò sì ní gbà á mọ́.

Láti sáà kẹta, a ó máa fọ asẹ́ lóṣooṣù, lọ́sẹ̀ méjì méjì bí ọyẹ́ bá dé. Lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, oníṣẹ́ yóò fọ ẹ̀rọ tinú àti tìta, yóò la páìpù omi, yóò de wáyà tó tú, yóò sì wo gáàsì. Bí compressor, èyí tó ń ti gáàsì kiri inú ẹ̀rọ, bá jóná, owó rẹ̀ lè má jìnnà sí ti ẹ̀rọ tuntun. Ẹ̀rọ tó dọ̀tí sì ń jẹ iná ju èyí tó mọ́ lọ. Band A ni wá, ìyẹn àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ó kéré tán ogún wákàtí lójúmọ́, ẹ sì rántí pé ní oṣù Kẹrin 2024, owó yúnìtì iná kan fún Band A fò láti ₦68 sí ₦225.

Àwọn kan ní fáànù tó. Ó tó fún kíláàsì, òun náà la sì ń lò níbẹ̀. Kò lè tó fún kọ̀ǹpútà 30 nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí eruku.

Owó yìí kò ní dín. Ẹni tó bá fẹ́ pín in san lẹ́ẹ̀mejì, kó rí akápò kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí. A ó lẹ gbogbo rìsíìtì oníṣẹ́ mọ́ ojú pátákó ìkéde, kí ẹ lè máa kà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-ẹ̀kọ́