Àmù Tí Omi Rẹ̀ Kì í Tutù

Garki, Abuja.

Àbẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Lọ́ńdọ̀nù ńkọ́? Àwọn ọmọ àti bàbá wọn ńkọ́? Ọyẹ́ ti dé sọ́dọ̀ wa níbí. Ètè gbogbo wa ti ya, eruku sì ti bo ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù mi débi pé àwọn oníbàárà rò pé ńṣe ni mo dìídì dà á lé wọn lórí kí wọ́n lè dà bí ohun àtijọ́. Mi ò bá wọn jiyàn.

O ní kí n má fi fóònù sọ ìtàn ogún mi fún ọ, pé kí n kọ ọ́ kí o lè máa kà á nínú bọ́ọ̀sì. Ó dáa, gbọ́.

Ọkùnrin kan ló pè mí. Ó ní lọ́yà lòun, láti Kàdúná, pé ẹnì kan ṣaláìsí, ó sì fi ogún sílẹ̀ fún mi, kí n jọ̀ọ́ fi orúkọ àti àdírẹ́sì mi ránṣẹ́. Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n pè, lórí ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ń sọ fún un pé ó ti jogún! Mo ní, "Ọmọ mi, òyìnbó ni wọ́n máa ń ṣe èyí fún o." Mo bulọ́ọ̀kù nọ́ńbà rẹ̀. Ó fi òmíràn pè, mo bulọ́ọ̀kù ìyẹn náà. Ìgbà tó yá, ó wọkọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó dúró láàárín ṣọ́ọ̀bù mi nínú kóòtù dúdú tí eruku ti sọ di aláwọ̀ eérú.

"Mà, ẹ pè mí ní 419."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Kò tilẹ̀ bá òfin mu, mà. Inú Criminal Code ni 419 wà, ti ìhà gúúsù nìyẹn. Penal Code là ń lò láríwá, òun náà lẹ̀ ń lò ní Abuja yín níbí."

Kò jọ pé olè tí mo pè é ló dùn ún o. Òfin tí mo fi pè é lólè ni kò tọ́. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé lọ́yà gidi ni, mo fún un ní omi àti àga.

Bàbá Réluwéè ló kú. Mo ti sọ̀rọ̀ wọn fún ọ rí: bàbá ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn, tí wọ́n fi gbogbo ayé wọn ṣiṣẹ́ réluwéè ní Kàdúná, tí Hausa ti wọ̀ wọ́n lára débi pé "wallahi" ni wọ́n fi ń dá ọ̀rọ̀ Yorùbá wọn dúró. Wọ́n gbé aago ògiri kan wá bá mi nígbà kan. Ẹnì kan ti sọ fún wọn pé owó rẹ̀ tó ra mọ́tò. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀ wò, mo ní, "Bàbá, aago dáadáa ni, àmọ́ kò tó ra taya. Kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń yí i ti sọnù. Ẹ gbé e padà sílé kí ẹ máa fi ṣẹ̀ṣọ́." Wọ́n wò mí títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n gbé aago wọn. Láti ìgbà náà, ọdún tuntun kan kì í kọjá kí wọ́n má pè láti kí mi. Ìmọ̀ tí mo mọ̀ wọ́n ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin ní Idu, l'Abuja níbí, lọ sí Rigasa ní Kàdúná. Má bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo mọ̀ pé wọ́n kọlu ọkọ̀ yẹn ní oṣù kẹta ọdún 2022, tó sì di oṣù Kejìlá kó tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n títì Abuja sí Kàdúná, ta ló lè búra pé ìyẹn sàn jù? Mo gbàdúrà, mo jẹ ẹ̀pà, mo dé.

Ilé wọn ní Tudun Wada kún fọ́fọ́. Àkọ́bí wọn, tí gbogbo ilé ń pè ní Àǹtí, ti ká apá mọ́ àyà kí n tó wọlé.

"Níbo lẹ ti mọ bàbá wa?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ aago ló pà wá pọ̀, mà."

"Aago mélòó?"

Gbogbo ilé dákẹ́. Ọlọ́run ló yọ mí, lọ́yà wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìhágún. Ilé, ti àwọn ọmọkùnrin. Ilẹ̀ tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ti gbogbo wọn. Aago ògiri, ti Àǹtí. Lẹ́yìn náà ló ka tèmi: "Fún obìnrin tó ń ta ẹrù àtijọ́ ní Garki, tó sọ òótọ́ fún mi: àmù mi, àti ohun tó wà nínú rẹ̀." Wọ́n fi pín-ìnì há owó bébà kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ogún náírà. Kò sí àlàyé kankan.

Àǹtí bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó, ogún tí wọ́n fún un náà nìyẹn: ogún náírà!"

A jọ jáde sí ẹ̀yìn ilé, tẹbí tará. Àmù wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmù amọ̀ lásán tí ẹnu rẹ̀ ti ya. Wọ́n ṣí i. Òkú alángbá, ọ̀rá píọ́ wọ́tà, ẹsẹ̀ bàtà ọmọdé kan ṣoṣo. Gbogbo wọn yíjú sí mi láti wò ó bóyá màá sunkún. Inú Àǹtí ti rọ̀ nígbà yẹn, wọ́n tiẹ̀ ní kí wọ́n bu oúnjẹ fún mi.

Èmi ń wo owó ọwọ́ mi ní tèmi. Ìwọ rò ó wò: ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ àkọsílẹ̀ ẹrù réluwéè, ṣé irú wọn á há owó mọ́ ìwé ìhágún láìnídìí? Àtipé ogún náírà ò tún ra àkàrà ẹyọ kan mọ́. Murtala Muhammed wà níwájú rẹ̀. Mo yí i padà. Ladi Kwali ló jókòó sẹ́yìn rẹ̀, òun àti ìkòkò.

Àbẹ̀kẹ́, orí mi wú. O mọ Ladi Kwali dáadáa, ìwọ lo sọ fún mi pé ìkòkò rẹ̀ wà ní V&A, mùsíọ́mù Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀ yẹn. Ọmọ Gbagyi, láti Kwali tiwa níbí. Ìkòkò rẹ̀ tó wà láàfin Ẹ́míà ni Michael Cardew, òyìnbó amọ̀kòkò, rí tí ẹnu fi yà á. Nígbà tí Cardew dá ibi ìkọ́ṣẹ́ ìkòkò sílẹ̀ níbẹ̀, Ladi wọlé lọ́dún 1954, obìnrin àkọ́kọ́ láàárín àwọn ọkùnrin. Kò ka ìwé rárá, síbẹ̀ Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1977. Suleja sì ni ibi ìkọ́ṣẹ́ yẹn o. Abuja ló ń jẹ́ nígbà náà, kí ìjọba tó gba orúkọ mọ́ wọn lọ́wọ́ fún olú-ìlú tuntun. Ìdí nìyẹn tí ohun tí àwa oníṣòwò ń pè ní ìkòkò Abuja fi dàgbà ju Abuja tí mò ń gbé yìí lọ.

Ṣùgbọ́n àmù ẹlẹ́nu yíya tó wà níwájú mi yìí ò jọ èyíkéyìí nínú wọn.

Mo wá ń bi wọ́n léèrè díẹ̀díẹ̀ bí mo ṣe ń jẹun. Ṣé àmù kan ṣoṣo ni Bàbá ní? Àwọn ọmọkùnrin ní àwọn ò mọ̀. Ìyàwó ilé kan ní òun ò dá sí ọ̀rọ̀ ogún. Ọmọ-ọmọ wọn kan, tí kò ju ọmọ ọdún méje lọ, ló gbé orí sókè nínú ìrẹsì rẹ̀: "Àbí àmù burúkú yẹn? Èyí tí omi rẹ̀ kì í tutù?"

Díẹ̀ ló kù kí ẹran há mi lọ́fun. Ìwọ náà mọ bí àmù ṣe ń mú omi tutù: amọ̀ rẹ̀ máa ń làágùn, omi á máa yọ jáde lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, atẹ́gùn á sì máa gbẹ ẹ́. Ti Suleja yàtọ̀. Wọ́n sun ún nínú ààrò tó gbóná janjan, wọ́n sì kùn ún ní ohun tó ń dán bíi gíláàsì, kò lè làágùn láéláé. Ó rẹwà, ó le bí òkúta, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ omi tútù lò ń wá, kò wúlò.

"Ta ló gbé àmù burúkú yẹn lọ?" mo bi ọmọ náà, ohùn mi rọ̀ bí òwú.

Ọmọ náà wo Àǹtí. Àǹtí ń wo àjà.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ ṣe tú o. Nígbà tí Bàbá wà nílé ìwòsàn, Àǹtí palẹ̀ ilé mọ́, wọ́n sì gbé àmù tí kì í mú omi tutù fún Hajiya tó ń dín àkàrà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n gba bọ́kẹ́ẹ̀tì oníke kan pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Kí Bàbá tó mọ̀ pé àmù ti jáde nílé, ọlọ́jọ́ ti dé.

A kọjá sọ́dọ̀ Hajiya. Àmù náà wà níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́! Ó wà lẹ́yìn agbada àkàrà, àwọ̀ rẹ̀ dúdú bí ewé tó ṣú, àwọn alángbá àti àkekèé tí wọ́n fín sí i lára ń tọ ara wọn yí ọrùn rẹ̀ ká, ògì jéró sì kún inú rẹ̀ dé ẹnu. Mo mú ojú kúrò lára rẹ̀ kíá, mo ń wo àkàrà. Ṣùgbọ́n Hajiya ti ń tajà kí wọ́n tó bí mi. Wọ́n wo ojú mi lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn ò tà á. Ìkòkò rere ni, wọ́n ní, ògì àná kì í fi ìkan sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún ti òní, ó sì rọrùn láti fọ̀. Gbogbo nǹkan tí Àǹtí kórìíra lára rẹ̀ ni Hajiya fẹ́ràn.

Mi ò ní sọ gbogbo ìdúnàádúrà yẹn fún ọ, ilẹ̀ ṣú bá wa níbẹ̀. Kúlà ńlá kan ló parí rẹ̀, èyí tó dára, pẹ̀lú ike ògì méjì, àti bọ́kẹ́ẹ̀tì Àǹtí tí Hajiya ní kí wọ́n wá gbà padà tàbí kí wọ́n má wá gbà á mọ́ láéláé. (Àǹtí gbà á.) Lọ́yà wa ní tirẹ̀ dìde láti bi wá pé "ohun tó wà nínú rẹ̀," ṣé lọ́jọ́ tí olóògbé kọ ìwé ni, àbí lọ́jọ́ tó kú, àbí lónìí? Nítorí bó bá jẹ́ tòní ni, èmi ni mo ni ògì. Hajiya bi í bóyá ó ti jẹun. Wọ́n bu ògì gbígbóná fún un, ṣúgà sí i, àkàrà lé e, a ò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ òfin kankan lẹ́nu rẹ̀ mọ́ títí a fi kúrò níbẹ̀.

Ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, Hajiya ti kó o sínú ọ̀rá lọ́jọ́ tí wọ́n gba àmù, wọ́n fi í há ọ̀pá àjà. Agolo kékeré ni. Mo mì í, ó ń dún. Gbogbo ẹbí sún mọ́ mi; ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin ti ń sọ pé góòlù ni. Mo ṣí i. Kọ́kọ́rọ́ aago.

Bàbá yìí! Wọ́n fún Àǹtí ní aago, wọ́n fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n lọ sùn. Mo gbé kọ́kọ́rọ́ náà fún Àǹtí lójú gbogbo wọn, nítorí kí ni mo fẹ́ fi ṣe? A yí aago náà, ó gbéra. Ó ń lù báyìí, kì í sì í lu iye tó yẹ. Ó lu mẹ́tàdínlógún ní ọ̀gànjọ́ lọ́jọ́ kìíní. Àǹtí pè mí ní òru ọ̀hún láti bi mí bóyá mo ṣì lè gbà á ní iye tí mo dá lé e fún Bàbá.

Ohun tó le jù ni pé mo ní láti sọ iye tí àmù náà lè tó fún Àǹtí. Orí òótọ́ ni Bàbá fi í lé mi lọ́wọ́, mi ò sì lè wá dákẹ́ lé e. Mo sọ ọ́. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Mo fi gba bọ́kẹ́ẹ̀tì." Wọ́n tún un sọ. Nígbà tó yá, wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ń fi ìborùn nu ojú, gbogbo ilé bá wọn rín in. A ti di ọ̀rẹ́ báyìí o, àwọn àti èmi.

Mo ti fọ àmù náà. Nídìí rẹ̀, òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ Suleja hàn kedere. Òǹtẹ̀ ẹni tó mọ ọ́n gan-an ni ohun dídán yẹn ti ṣàn bò lápá kan. Mo rí ìlà kan tó lè jẹ́ L, ó sì lè jẹ́ pé ògì ló gbẹ síbẹ̀. Ladi nìkan kọ́ ni obìnrin tó mọ ìkòkò níbẹ̀, torí náà mi ò tíì pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Mo ti rí bàbá kan tó kọ́ṣẹ́ ní Suleja, wọ́n ní àwọn á wá wò ó. Má sì sọ fún mi pé kí n gbé e wá sí Lọ́ńdọ̀nù wá tà. Irú ẹrù báyìí, mi ò ní fẹ́ bá kọ́sítọ́ọ̀mù ṣàlàyé ní pápákọ̀ òfuurufú láìgba ìwé lọ́wọ́ àwọn mùsíọ́mù. Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ rẹ ni pé kí o lọ sí V&A yẹn, kí o wo alángbá ara ìkòkò rẹ̀ dáadáa: báwo ni ìrù rẹ̀ ṣe ká, ibo ni orí kọjú sí? Ya fọ́tò rẹ̀ fún mi bí wọ́n bá gbà.

Ṣé kí n sọ fún ọ pé Àǹtí ti ń yẹ ẹ̀yìn gbogbo owó bébà wò báyìí? Wọ́n pè mí láàárọ̀ yìí, ohùn wọn ń gbọ̀n. Wọ́n ní àwọn rí àwọn obìnrin Fúlàní tó ru igbá lẹ́yìn náírà mẹ́wàá, igbá kan sì wà nínú kíṣìnì àwọn tí wọ́n fi ń bu gàrí, ṣé kí àwọn da gàrí yẹn jáde kíákíá?

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́.

Ó dìgbà.

Èmi ni tìrẹ,
Àṣàkẹ́